Ìwé Ogúnléndé Parí, Olúwa Ò Jẹ́ Kí Ilé Wa Tú

Ẹ̀yin ará, ọpẹ́ ni mo bá wá. Ṣàngó ni mo ń gbé, níhìn-ín ní Ìlọrin. Èlùbọ́ àti ẹ̀wà ni mò ń tà lọ́jà, wẹ́dà sì ni ọkọ mi, ó ń ṣe géètì àti irin ojú fèrèsé lójú ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́. Bàbá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Yorùbá ẹnu rẹ̀ já gaara, kò sì sí ìsìnkú tàbí ìkómọ tí wọn kì í bá a níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ yín ò fi mọ̀ pé ọmọ Làìbéríà ni. Ìgbà kan wà tí ìwé tó ń dá a dúró nílẹ̀ yìí fẹ́ di ìwé lásán, tí èmi àtàwọn ọmọ ò mọ̀ bóyá a ó ṣì jọ máa sùn lábẹ́ òrùlé kan náà. Olúwa yọ wá. Mo fẹ́ sọ bó ṣe yọ wá ní kíkún, kì í ṣe kí n kígbe halelúyà kí n sì jókòó, torí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìwé ń gba oorun lójú àwọn kan láàrin wa, tàbí lójú ọmọ wọn tó wà lókè òkun.

Ẹkùn Nimba ní Làìbéríà ni wọ́n ti bí ọkọ mi. Ọjọ́ tí Kérésìmesì ọdún 1989 ku ọ̀la ni Charles Taylor, olórí ọlọ̀tẹ̀, kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gba ibodè Côte d'Ivoire wọ Nimba. Àwọn sójà Ààrẹ Samuel Doe dé láti lé wọn, ṣùgbọ́n ará abúlé ni wọ́n dojú ìbọn kọ, pàápàá àwọn ẹ̀yà Gio àti Mano. Gio ni ọkọ mi. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà tí wọ́n sun ilé bàbá rẹ̀. Títí di òní, kò mọ ibi tí òkú bàbá náà wà. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló jọ fẹsẹ̀ rìn dé Monrovia, ibẹ̀ ni èrò ti já wọn gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ECOMOG, tí Nàìjíríà jẹ́ aṣíwájú wọn, gúnlẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1990, ọkọ̀ ojú omi tó ń padà bọ̀ sí Èkó kó àwọn tó ń sá fún ogun, ọkọ mi sì wà nínú wọn. Bó ṣe dé àgọ́ àwọn ogúnléndé ní Òrù nìyẹn, nítòsí Àgọ́-Ìwòyè, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Òrù ló ti dàgbà, ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà. Ó máa ń sọ pé ìyà ò ṣàìjẹ àwọn níbẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó lé àwọn, ọ̀rọ̀ yẹn sì tóbi lójú ẹni tí wọ́n ti lé rí. Ọdún 2001 ni ọ̀gá kan tó gba iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Ìlọrin mú un dání wá. Iṣẹ́ parí, ọ̀gá padà sílé, òun ní òun ò lọ mọ́. Ó gba yàrá kan ní Ṣàngó lọ́wọ́ Àlàájì tó ni ilé tí a ń gbé títí di ìsinsìnyí. Ìsọ̀ mi ló ti ń ra ẹ̀wà. N ò ní fi ìyẹn gbà yín lákòókò.

Nígbà tó wá tọrọ mi, àwọn ẹbí fárígá. Wọ́n ní ta la fẹ́ bi nípa ìdílé rẹ̀, ta la fẹ́ rán sí ilé wọn bí ìjà bá dé? Bàbá mi nìkan ló dákẹ́. Ọmọ Ọ̀fà ni bàbá mi, Kumasi ní orílẹ̀-èdè Gánà ló sì ti lo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó ṣòro kí ẹ rí agboolé kan ní Ọ̀fà, ní Ìlọrin, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ìnísà tàbí Èjìgbò tí kò ní ará tó gbé Gánà rí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kó fi ìlú sílẹ̀. Bàbá mi ti ń ta aṣọ ní Kumasi látìgbà tí kò tíì hu irùngbọ̀n, kò sẹ́ni tó bi í ní ìwé rí. Níbo ni yóò ti rí ìwé láàrin ọ̀sẹ̀ méjì? Ó kó kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ rẹ̀ lé oníbàárà kan lọ́wọ́, ó wọ lọ́rì gba Tógò àti Dàhòmì wálé pẹ̀lú aṣọ ọrùn rẹ̀. Nígbà tó wá di oṣù Kìíní ọdún 1983, tí ìjọba Shagari ní kí àwọn àlejò tí ìwé wọn ò pé jáde ní Nàìjíríà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì bákan náà, tí àwọn ará Gánà ń gbé báàgì tí gbogbo wa wá ń pè ní Ghana Must Go rù, àwọn kan láàrin wa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá mi ò bá wọn sí i. Ó ní ẹni tí wọ́n bá lé rí kì í fi ẹni tí wọ́n ń lé ṣẹ̀sín. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé òun ló dìde lọ́jọ́ tí wọ́n ń bá mi jà lórí ọ̀rọ̀ ọkọ. Ó ní, "Ẹ fún un lọ́mọ. Àlejò lèmi náà níbi tí mo ti rí owó àkọ́kọ́." Ó wá kọjú sí ọkọ mi, ó ní, "Ìwọ náà, ọmọ mi, máa tọ́jú ìwé rẹ."

A ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 2004. Ọdún 2006 ni Olúwa fi Táíwò àti Kẹ́hìndé ta wá lọ́rẹ.

Ìròyìn náà dé ní oṣù Kìíní ọdún 2012. Ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ogúnléndé, UNHCR, kéde pé ìgbà ti tó kí ààbò ogúnléndé tí wọ́n fún àwọn ọmọ Làìbéríà kásẹ̀ nílẹ̀, àti pé ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún náà ni yóò parí. Kì í ṣe pé wọ́n ṣàdédé sọ ọ́. Ogun ti parí láti ọdún 2003 tí wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní Accra, Ellen Johnson Sirleaf ti di Ààrẹ ibẹ̀ láti ọdún 2006, wọ́n sì ti dìbò lẹ́ẹ̀mejì. Àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1951 tó dá ààbò ogúnléndé sílẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ pé bí ohun tó lé èèyàn kúrò nílé bá ti kúrò nílẹ̀ pátápátá, ààbò náà lè kúrò. Irú ẹ̀ ti kọ́kọ́ kan àwọn ará Sierra Leone ní ìparí ọdún 2008. Mo gbà pé ìdí wà fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọkùnrin tó kúrò nílé lọ́mọdé, tó ti pé ọdún méjìlélógún nílẹ̀ yìí, tí ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ àti irinṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ṣàngó. Àwọn èèyàn ń kí i kú oríire! Wọ́n ní, "Ogun ti parí, àjò kì í kúkú dùn kónílé má relé." Wọn ò ní i lọ́kàn láti ṣe é níkà, àmọ́ tó bá wọlé lálẹ́, yóò jókòó sórí àga, yóò máa wo ògiri. Ilé wo ni onílé yìí fẹ́ lọ? Ewéko ti bo ibi tí ilé náà wà.

Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà wá lóòótọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n dá bọ́ọ̀sì wọn dúró lójú ọ̀nà, tí òṣìṣẹ́ kan gba káàdì ogúnléndé rẹ̀, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní káàdì tó ń kú lọ nìyí, kó sọ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ ò tíì pé nígbà náà, káàdì ṣì dára, síbẹ̀ àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ló fi jókòó sẹ́bàá ọ̀nà kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ajẹ́ǹtì kan wá bá wa nílé. Ó ní kí a mú owó wá, kí òun bá wa ṣe ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, pé òun yóò kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ọ̀fà ni wọ́n ti bí i, bí i ti èmi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún ọkọ mi ní ọkàn tó ní. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n pa bàbá mi torí ibi tí wọ́n bí wa sí. N ò ní sọ pé ibòmíràn ni." Irọ́ náà ì bá sì ṣe wá léṣe, torí ẹni tó bá purọ́ gba ìwé onílùú ti ti ilẹ̀kùn gbogbo ọ̀nà tó tọ́ mọ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn.

Mo bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Pásítọ̀ wa gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú Olúwa ní ìpàdé àdúrà ọjọ́ Ọjọ́rú, Àlàájì onílé wa náà sì ń bá wa ṣe tirẹ̀ ní mọ́sálásí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìdáhùn ṣe wá. Agùnbánirọ̀ kan wà tó ń sin ilẹ̀ baba rẹ̀ níhìn-ín lọ́dún náà, ọmọbìnrin tó kẹ́kọ̀ọ́ òfin, èlùbọ́ ló máa ń wá rà lọ́dọ̀ mi. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Mọ́mì, kí ló dé tí ojú yín rí báyìí?" Mo sọ fún un. Kò bá mi dárò rárá. Ó wọ inú ìsọ̀, ó fa ìjókòó, ó ní kí n wá ìwé àti bírò. Ó ní, "Mọ́mì, ìwé ogúnléndé ló ń parí o. Jíjẹ́ ọmọ ECOWAS Dádì ò parí." Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára bí omi tútù.

Ó ṣàlàyé pé ní ọdún 1979, ní Dakar, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS, ìyẹn àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fọwọ́ sí i pé ọmọ ẹgbẹ́ wọn kọ̀ọ̀kan lè wọ ìlú ara wọn láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́. Ní ọdún 1986, ní Abuja, wọ́n tún fi kún un pé ó lè gbé ibẹ̀ kó sì ṣiṣẹ́, tó bá ti gba ìwé ìgbélùú. Làìbéríà wà nínú ECOWAS. Nítorí náà ohun tí ọkọ mi nílò ni ìwé ìrìnnà ti ilẹ̀ rẹ̀, kí Nàìjíríà wá fún un ní ìwé ìgbélùú ECOWAS lórí rẹ̀. Kódà, ní oṣù Kẹfà ọdún 2007, ìjọba Nàìjíríà, Làìbéríà, Sierra Leone, ECOWAS àti UNHCR ti jọ tọwọ́ bọ àdéhùn lórí ohun yìí gan-an, fún àwọn ogúnléndé tó bá fẹ́ dúró: ìwé ìgbélùú ọlọ́dún mẹ́ta tó ṣeé tún ṣe. Ọ̀pọ̀ àwọn ará Òrù ti gbà á. Àwa tí a wà ní Ìlọrin ni ọ̀rọ̀ ò dé etí wa.

Ó sọ àwọn ọ̀nà yòókù náà, kò fi ọ̀kan pa mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ padà sílé, wọn yóò ṣètò ìrìnnà fún un. Ẹni tí ẹ̀rù ilé ṣì ń bà fún ìdí tó kan òun gan-an, tàbí tí ohun tí wọ́n fojú rẹ̀ rí burú débi pé èèyàn ò lè ní kó padà síbẹ̀, ó lè kọ̀wé pé kí wọ́n yọ òun sílẹ̀, kí òun ṣì máa jẹ́ ogúnléndé. Wọn yóò gbọ́ ẹjọ́ olúkúlùkù lọ́tọ̀. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan tí wọ́n jọ wà ní Òrù gba ọ̀nà yẹn, kò sì yẹ kí n sọ ìdí rẹ̀ níbí. Mo wá béèrè tèmi: ṣé ìgbéyàwó wa ò wúlò ni? Ọmọ náà mí kanlẹ̀. Ó ní ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, apá 26, gba obìnrin àlejò tó fẹ́ ọkùnrin Nàìjíríà láyè láti forúkọ sílẹ̀ kó di ọmọ onílùú, ṣùgbọ́n kò fún ọkùnrin àlejò tó fẹ́ obìnrin wa ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí lọ́jọ́ náà, ó ṣì ń dùn mí. Kí ló dé tí ìyàwó ọmọkùnrin Ọ̀fà lè di tiwa, tí ọkọ ọmọbìnrin Ọ̀fà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ó ní apá 27 wà fún un, ìyẹn ẹni tó bá ti gbé ìlú yìí fún ọdún 15, ọdún ọkọ mi sì ti kọjá bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìwé yẹn kì í yá. Ó ní kí a kọ́kọ́ gba ti ECOWAS kí oṣù Kẹfà tó pé.

Ibi tí ogun wá wà nìyí. Nígbà tí ọkọ mi dé ibi tí wọ́n ti ń gba orúkọ, wọn ò rí i nínú ìwé. Ó ti pẹ́ tó kúrò ní àgọ́, orúkọ rẹ̀ sì ti bọ́ sílẹ̀ níbìkan. Káàdì ọwọ́ rẹ̀ ti ṣá, nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ ò ṣeé kà mọ́. Wọ́n ní kó mú ẹ̀rí mìíràn wá pé ó gbé Òrù rí. Ẹ̀rí wo? Ẹni tí ogun lé kì í kó fáìlì.

A jọ lọ sí Òrù. Àgọ́ náà ti ń tú, àwọn kan ń ká páànù orí ilé wọn, ewé ti ń hù láàrin yàrá àwọn mìíràn. Ọkọ mi ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, àwọn tó mọ̀ ọ́n ti lọ. Bí a ṣe ń bọ̀ lójú títì ni obìnrin arúgbó kan tó ń din àkàrà pariwo orúkọ kan tí n ò gbọ́ rí, orúkọ tí ìyá ọkọ mi sọ ọ́. Ọmọ Òrù ni ìyá náà. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ọkọ mi ti ń bá wọn pọn omi nígbà tó wà ní kékeré, kó lè rí àkàrà jẹ. Ó di mọ́ ọkọ mi, ó sunkún, ó bú u pé ó gbàgbé òun. Ó wá ní, "Àpótí rẹ wà lọ́dọ̀ mi o, mo ti ń sọ fún wọn nílé pé ẹni tó ni ín ń bọ̀." Àpótí páànù kékeré ni, ìdérí rẹ̀ ti dógùn-ún, okùn ọ̀rá ni wọ́n fi dì í. Ẹ wá wo ohun tó wà nínú rẹ̀: ṣòkòtò péńpé kan, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ wẹ́dà tó kọ́ ní àgọ́, àti káàdì tí wọ́n fi ń gba oúnjẹ, tí wọ́n ti lu ihò sí etí rẹ̀ yíká fún ìrẹsì àti òróró tí wọ́n gbà. Nọ́ńbà ara rẹ̀ hàn ketekete. Ìyá alákàrà kan tí kò mọ̀wé ló tọ́jú ìwé náà fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá. Ìyá náà ti lọ sinmi báyìí. Mo máa ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà mi.

Pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn, wọ́n rí fáìlì rẹ̀. Ó kù kó tẹ̀ka sórí fọ́ọ̀mù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ wẹ́dà mọ bí ọwọ́ wọn ṣe máa ń rí: iná ti sun awọ orí ìka rẹ̀ títí ó fi yọ̀ bọ̀rọ́, òmíràn ti le bí èèpo igi. Wọ́n fi tàdáwà kun àtàǹpàkò rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó kàn dúdú lásán ni, kò sí ilà kankan níbẹ̀. Wọ́n tún un ṣe, bákan náà ni. Òṣìṣẹ́ tó ń ṣe é fún un ní sùúrù, Ọlọ́run bá mi bù kún un, ó ní kó lọ sinmi iṣẹ́ díẹ̀ kí awọ ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, kó tó padà wá. Ilẹ̀ Kwara la wà, a kì í wá òrí tì. Alaalẹ́ ni mò ń fi ọwọ́ rẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, tí mo ń fi òrí ra ìka rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí Táíwò yóò mú tọwọ́ ọ̀tún, tí Kẹ́hìndé yóò mú tọwọ́ òsì, tí wọ́n á máa wò ó bóyá ilà ti ń yọ. Nígbà tó padà lọ, ilà yọ. Ó fẹ́lẹ́, àmọ́ ó yọ.

Kí ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2012 tó pé, ìwé ìrìnnà Làìbéríà ti wà lọ́wọ́ ọkọ mi. Ẹ̀rù bà á láti gbà á, ẹ má ṣe rò pé kò bà á. Bó ṣe ń mú un ló ń fi í sí ilẹ̀. Ó ní orúkọ ìjọba tó wà lẹ́yìn ìwé yìí ni wọ́n lò nígbà tí wọ́n sun ilé àwọn. Mo sọ fún un pé ìjọba yẹn ti kọjá lọ, orúkọ bàbá rẹ̀ ló wà nínú ìwé yìí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé ìgbélùú ECOWAS jáde. Lọ́jọ́ tí ààbò ogúnléndé parí, ọkọ mi jí, ó wẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́, ó ṣe géètì kan fún oníbàárà ní Kúléńdé. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta la ti ń tún ìwé náà ṣe látìgbà náà.

Olúwa tún ṣe é níbòmíràn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tí èrò já gbà ní Monrovia, Amẹ́ríkà ló bá ara rẹ̀, àwọn ará Òrù ló bá wa wá nọ́ńbà rẹ̀. Minnesota ló ń gbé. Ààbò onígbà díẹ̀ tí wọ́n ń pè ní TPS ni wọ́n fún àwọn ọmọ Làìbéríà níbẹ̀ láti ọdún 1991. Ọdún 1999 ni wọ́n pa á rẹ́, Ààrẹ Clinton wá fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, èyí tó jẹ́ pé àánú Ààrẹ nìkan ló gbé e dúró, tí wọ́n ń sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀. Ẹ fojú inú wo obìnrin tó ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú, tó ń san owó orí, tí kò sì mọ̀ bóyá ọdún tó ń bọ̀ yóò bá a níbẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, Ààrẹ Trump ní òpin dé. Ó ń ké lórí fóònù, àwa náà ń ké níbí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 2019, òfin tuntun jáde tó ní kí ọmọ Làìbéríà tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 2014 tí kò sì kúrò wá gba gíríìn káàdì. Ọdún kan ni wọ́n kọ́kọ́ fún wọn, wọ́n tún fi ọdún kan kún un títí di oṣù Kejìlá ọdún 2021. Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ ìtànjẹ ni, wọn ò kọ̀wé. Ó kọ tirẹ̀, wọ́n sì fún un. Ó ti wá sí Ṣàngó. Ọdún mélòó kan ni mo fi gbọ́ ohùn ọkọ mi kí n tó gbọ́ ọ níbi tó ti ń sọ èdè Gio, lọ́jọ́ tí àwọn méjèèjì di mọ́ ara wọn lẹ́nu ọ̀nà Àlàájì.

Ohun tó gbé mi dìde lónìí gan-an ni ti àwọn ìbejì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wọ yunifásítì, ọ́fíìsì kan ní kí wọ́n mú ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ wá, wọ́n bi wọ́n léèrè ìlú bàbá wọn, wọ́n ní ọmọ àlejò ni wọ́n. Kẹ́hìndé sunkún délé. Mo pe agùnbánirọ̀ wa, lọ́yà gidi ló ti dà báyìí. Ó ní kí n ṣí ìwé òfin, apá 25: ẹni tí bàbá rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ẹ gbọ́ o, "tàbí ìyá rẹ̀." Kò ní bí bàbá bá fẹ́. Ó kọ lẹ́tà, bàbá mi, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, gbéra láti Ọ̀fà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó ní òun fẹ́ rí ẹni tó ní ọmọ òun kì í ṣe ọmọ Ọ̀fà. Wọ́n fún wọn ní ìwé náà. Àwọn méjèèjì ti wọlé ẹ̀kọ́.

Ẹ bá wa gbàdúrà lórí ohun méjì. Èkíní, ọkọ mi ti kọ̀wé láti di ọmọ onílùú. Òfin fẹ́ kí Gómìnà gbà pé àwọn ará ibi tó ń gbé fẹ́ ẹ, àti pé ó ti mọ ìṣe wa. Àlàájì, Magájí àdúgbò àti Pásítọ̀ wa ti jọ tọwọ́ bọ̀wé fún un. Abuja ni ìwé náà wà. Èkejì ni ti àwọn aládùúgbò wa tó wá láti Niger, Màlì àti Burkina Faso. Láti ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2025 ni ìjọba wọn ti jáde kúrò nínú ECOWAS. ECOWAS ní kí gbogbo ìlú tó kù ṣì máa gba ìwé ìrìnnà tó ní àmì ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́ wọn títí di ìgbà tí wọ́n bá sọ nǹkan mìíràn. Mo ti rí ọkùnrin tó ń ta súyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tó ń béèrè lọ́wọ́ ọkọ mi ohun tí èyí túmọ̀ sí fún òun. Bákan náà ni àwọn ará Kamẹrúùnù tí TPS wọn parí ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025. Bí ẹ bá ní ọmọ tàbí ará tí irú ẹ̀ kàn níbẹ̀, ẹ sọ fún un kó tètè wá lọ́yà tó mọ ọ̀rọ̀ náà, kó béèrè bóyá ìgbéyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀ tàbí ẹ̀rù ilé tó ń bà á lè ṣí ọ̀nà mìíràn fún un. Ọ̀nà ẹnìkan kì í ṣe ti ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ la ó ṣe ìdúpẹ́ wa. Àpótí páànù yẹn yóò wà níbẹ̀, ọkọ mi ti ṣe ìdérí tuntun sí i. Àmàlà yóò wà fún gbogbo ẹni tó bá wá. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ìwé bá sì ń dà láàmú, ẹ má ṣe jẹ́ kó tijú, ẹ ní kó béèrè Ìyá Ìbejì ẹlẹ́lùbọ́ lọ́jà Ṣàngó. Nọ́ńbà lọ́yà náà wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀dà gbogbo ìwé tí a fi ṣe é sì wà nínú ìsọ̀.